Oorun Ilé, Oorun Ọsibítù: Nígbà Tí Ọmọ Bá Ń Bẹ̀rù Òru Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ìpá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún un. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n wọlé, kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ṣe é, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti padà sílé. Ojú egbò náà kò gùn tó ìka ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń béèrè bisikíìtì, ó ń wo kàtúùn, gbogbo ilé ń dúpẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀, tí í ṣe àbúrò mi, pè mí láago méjì òru.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọmọ yìí ò sùn o. Bí mo bá ti ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, á dìde jókòó. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ó ní, 'Mọ́mì, tí mo bá sùn, wọ́n á tún gé mi.'"

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn òbí tó ti bi mí léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju àwọn tó bi mí nípa ojú egbò lọ. Ó sì yé mi. Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa, a máa ń sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú egbò, oògùn tí wọ́n máa lò, ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. A kì í sọ fún wọn pé bílẹ̀ bá ṣú, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ibùsùn tó ti ń sùn sí láti ìgbà tó ti dáyé.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ọmọ náà

Ẹ jẹ́ ká fi ojú tirẹ̀ wò ó. Wọ́n jí i ní ìdájí, wọn ò fún un lóńjẹ, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Inú yàrá náà tutù, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ojú nìkan ló ń rí. Ọ̀kan nínú wọn wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, o kàn máa sùn díẹ̀ ni." Ó sùn. Nígbà tó máa jí, abẹ́ ikùn ń ro ó, wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn níbẹ̀, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi sí i lọ́wọ́, aṣọ tó wọ̀ kọ́ ló sì wà lára rẹ̀.

Kí ni ẹ rò pé ó máa rí kọ́ nínú ìyẹn? Ó kọ́ pé oorun ni wọ́n fi mú òun. Àgbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, kó tún un rò. Ọmọ náà ò purọ́, kò sì ya wèrè. Ó sùn, wọ́n sì gé e lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ "sùn" yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìlera la sì sábà máa ń sọ ọ́. Ohun tí oògùn akunilóorun ń ṣe kì í ṣe oorun. Oorun tí à ń sùn nílé, bí ẹ̀fọn bá jẹni, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wá, bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn wá, a ó jí. Ti yàrá iṣẹ́ abẹ, oògùn ló ń mú kí ọpọlọ má gbọ́, kó má mọ̀, títí dókítà á fi ṣe tán. Bí wọ́n bá dá oògùn dúró, ara á máa fọ̀ ọ́ dànù, ẹni náà á sì jí. Àgbà mọ ìyàtọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ò mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la lò fún méjèèjì.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kó má wulẹ̀ sọ fún un pé "má bẹ̀rù" mọ́. Kó sọ fún un pé oríṣi oorun méjì ló wà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń sọ ọ́: "Oorun ọsibítù, oògùn ló ń gbé e wá. Ọ̀dọ̀ dókítà ni oògùn yẹn wà, kò sí nílé wa. Oorun ilé, ara ẹ fúnra ẹ̀ ló ń gbé e wá. Tí mo bá fọwọ́ kàn ẹ́ lẹ́sẹ̀, wàá jí. Ṣé ká dán an wò?" Ọmọ náà pa ojú dé, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Ó fò dìde, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò sùn títí aago mẹ́ta ààbọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ yín nìkan

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1945, dókítà ọpọlọ kan ní New York tó ń jẹ́ David Levy kọ ohun tó rí lára àwọn ọmọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún: àlá burúkú, ìbẹ̀rù òkùnkùn, àìfẹ́ kí ìyá kúrò níwájú. Ọdún tí ogun àgbáyé kejì parí ni, ó sì fi í wé ohun tó ń bá àwọn sójà tó ti ojú ogun dé. Ní 1996, Zeev Kain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí ọmọ 54 nínú 100 ló ti yí ìwà padà lọ́nà kan tàbí òmíràn: oorun tó dàrú, ẹkún, àìjẹun, ìlẹ̀mọ́ ìyá. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó ti kù bí 20 nínú 100. Lẹ́yìn ọdún kan, bíi 7.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Ẹ̀rù tó pọ̀ tó báyẹn kò lè jẹ́ pé àkẹ́jù ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ sì tún wò ó bó ṣe ń dínkù.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n lórí rẹ̀ ni. Títí dé àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ọsibítù wọn kì í jẹ́ kí òbí bẹ ọmọ wò bó ṣe wù ú, wọ́n ní ẹkún ọmọ máa ń pọ̀ sí i bí ìyá bá wá. Ìgbìmọ̀ tí Harry Platt ṣe alága rẹ̀ ló sọ ní 1959 pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí ìyá lè wà lọ́dọ̀ ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá tó tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó ń ké lójú oorun, àti ọmọ tó lá àlá

Oríṣi méjì ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí wọn ò sì jọra.

Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun ọmọ máa ń wọra jù. Bí ọmọ bá sùn láago mẹ́jọ, tó sì ké tòò láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, tó lajú sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dá yín mọ̀, tó ń tì yín dànù, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ẹ fi sọ́kàn pé kò tíì jí. Apá kan ọpọlọ rẹ̀ ti dìde, apá kejì ṣì ń sùn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má béèrè pé "kí lo rí?" Kò rí nǹkan kan. Ẹ kàn rí i pé kò ní ṣubú, kò ní fi orí gbá ògiri, kò sì ní fi ọwọ́ ya báńdéèjì. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á dákẹ́, á sùn padà. Bílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí. Ẹ̀yin lẹ máa rántí.

Èyí tó jẹ́ àlá burúkú máa ń ṣẹlẹ̀ ní apá ìkẹyìn òru, bí aago mẹ́ta sí ìdájí. Ọmọ náà jí pátápátá, ó mọ̀ yín, ó fẹ́ dì mọ́ yín, ó sì lè sọ ohun tó rí. Èyí ló ń fẹ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, omi mímu, iná díẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń kó ìpayà bá ilé jù, nítorí ọmọ tó lajú tí kò mọ ìyá rẹ̀ jọ ohun tí a ti gbọ́ nínú ìtàn. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí pé "wọ́n" tẹ̀ lé e wálé láti ọsibítù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, èmi náà ń gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni bí àdúrà yẹn ṣe ń wọ etí ọmọ. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n jí láago méjìlá òru, tí àgbà mẹ́rin yí i ká, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ yìí, kó kú! Kó kú!" Títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ pa òun. Ẹ gbàdúrà fún un jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí, kó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú àdúrà náà pẹ̀lú nǹkan tó dáa. Èyí tó gba ariwo, ẹ lọ ṣe é ní pálọ̀.

Kó tó jẹ́ ẹ̀rù, ẹ wò ó bóyá ìrora ni

Lọ́sàn-án, kàtúùn wà, àwọn ọmọ àdúgbò ń wọlé wọ̀de. Lóru, òun àti egbò rẹ̀ ló kù. Ọmọ kékeré kì í sábà sọ pé "ó ń ro mí". Á ní òun ò fẹ́ sùn, á ní kẹ́ ẹ gbé òun. Bí wọ́n bá ti fún yín ní oògùn ìrora láti ọsibítù, ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá ń sunkún. Ẹ fún un ní nǹkan bí ìlàjì wákàtí kó tó lọ sùn.

Paracetamol olómi ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fún un àti ìgbà tẹ́ ẹ máa tún fún un, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wọ̀n kílò 16, 240 mg ni ibi tó lè dé. Bí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bá jẹ́ 120 mg nínú 5 ml, 10 ml nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò náà o. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu le ju ti ìgò ńlá lọ dáadáa, ẹni tó bá fi ṣíbí wọn ìyẹn ti ṣi ọmọ náà lóògùn. Bí ohun tí dókítà kọ fún yín bá yàtọ̀ sí èyí, ti dókítà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ìmọ̀ràn kan wà tó ń lọ káàkiri àdúgbò: "Fún un ní Piriton díẹ̀, á sùn fọnfọn." Àwọn mìíràn á ní Phenergan. Ẹ jọ̀ọ́. Oògùn tó ń kun ọmọ lóorun lè dín bó ṣe ń mí kù, pàápàá bí oògùn iṣẹ́ abẹ kò bá tíì tán lára rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ṣiṣẹ́ sí. Phenergan kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá. Omi ikọ́ tó ní codeine, tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní 2018, bí èyí tó ṣẹ́ kù bá wà ní kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ dà á nù. Ní Amẹ́ríkà, láti 2017, wọ́n ti ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Yàtọ̀ sí ewu, ẹ rántí ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀rù. Ó ní tí òun bá sùn, wọ́n á ṣe òun ní nǹkan. Ẹ sì fẹ́ fi oògùn mú un sùn.

Ọ̀sán la ti ń tún òru ṣe

Ẹ wá ọmọláńgidi kan. Bí kò bá sí, ẹ fi aṣọ di ọ̀kan. Ẹ fún ọmọ ní báńdéèjì díẹ̀ àti sèrínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun ṣe dókítà. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ọmọ àbúrò mi fún ọmọláńgidi rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún (ìyá rẹ̀ kà á), ó nà án, ó ní "dákẹ́ ẹnu ẹ", lẹ́yìn náà ló wá gbé e pọ̀n. Ó dun ìyá rẹ̀ láti gbọ́ "dákẹ́ ẹnu ẹ" yẹn, nítorí ó mọ̀ pé òun kọ́ ló kọ́ ọ. Ẹnì kan ti sọ ọ́ fún un níbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó. Ibẹ̀ ni ìyá ti rí ohun tó máa sọ: "Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ ò ṣe dáadáa. O lè sunkún tí nǹkan bá ń dùn ẹ́." Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, torí ó ti gbọ́ "ọkùnrin kì í sunkún" lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń dun ọmọ nínú ọ̀rọ̀ ọsibítù ju abẹ́rẹ́ lọ ni pé ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ máa bi í lálẹ́. Ṣé apá ògiri lo fẹ́ sùn sí tàbí apá ọ̀dọ̀ mi? Ìró wo lo fẹ́ kí n fi bò ẹ́? Ìró ìyá tí wọn ò tíì fọ̀ dáa ju bláńkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ, òórùn ìyá wà lára rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sọ́wọ́ rẹ̀ kó máa tàn án bó ṣe fẹ́, torí NEPA kò ní bi í léèrè kí wọ́n tó mú iná lọ, òkùnkùn tó dédé dé láàárín òru sì lè ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́.

Bí àyà rẹ̀ bá ń já, ẹ ní kó bá yín fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ na ọwọ́ bí ẹni gbé ife, kó fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni ń gbóòórùn ẹ̀kọ, kó wá fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà dà nù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Oríkì ńkọ́? Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan tí kì í sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó má bẹ̀rù. Á kàn máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lẹ́yìn láti òkè wá sísàlẹ̀, á máa pè é ní Àkànní, Àkànní, á ka ìdílé rẹ̀ láti orí baba ńlá, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo wá pààrọ̀ omi ìfàsára fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí ìdúró.

Ẹ ṣọ́ ẹnu àlejò. Àwọn tó wá kí yín ló máa ń dúró sórí ọmọ tí wọ́n á ní, "Háà, wọ́n fi ọ̀bẹ là á níkùn!" Ẹ sọ pé kí wọ́n bọ́ síta bá yín sọ̀rọ̀. Ẹnu tiyín náà ńkọ́? "Tí o ò bá sùn, màá pe nọ́ọ̀sì kó wá fún ẹ lábẹ́rẹ́." Mo ti gbọ́ ọ lójú mi, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn mi. Ọmọ tó bá ń tọ̀ sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nígbà tó ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston máa ń bi mí bóyá kí àwọn jẹ́ kí ọmọ wá sùn lọ́dọ̀ àwọn, torí ìwé òyìnbó ní kí ó padà sí yàrá rẹ̀. Nílé tí gbogbo wa ti ń sùn pọ̀, ìbéèrè yẹn ò tiẹ̀ sí. Bí ọmọ yín bá ní yàrá tirẹ̀, ẹ lọ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ jókòó sórí àga, lẹ́yìn náà kí àga wà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ máa padà wá wò ó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ padà wá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà

Bí ọmọ bá ń mí tagbáratagbára, bí ibà bá mú un tí kò lọ, bí egbò bá pọ́n, tó wú, tàbí tó ń ṣọyún, bí ó bá ń bì léraléra, bí ó bá ṣòro láti jí i, ẹ má pè é ní ẹ̀rù òru, ẹ gbé e lọ. Ọmọ tí wọ́n yọ bẹ́lubẹ́lu (tonsil) ọ̀fun rẹ̀, bí ó bá ń gbé nǹkan mì ṣáá lójú oorun, ẹ tan iná wo ẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé mì, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ó bá ti ju oṣù kan lọ tí kò dínkù, tí ọmọ ò lọ sílé ìwé mọ́, tàbí tó ń ṣe eré ọsibítù kan náà lójoojúmọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń le sí i, ẹ béèrè fún àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé. Wọ́n wà ní UCH, Ìbàdàn. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá náà ní ti àwọn ọmọdé lọ́tọ̀ ní Òṣòdì.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ abẹ ọmọ yín ṣì ń bọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ sọ fún un bó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tó ti ń lọ sílé ìwé, ẹ fún un bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sọ pé bisikíìtì lẹ fẹ́ lọ rà. Ẹ sọ pé ó máa dùn ún díẹ̀, pé oògùn ìrora wà, pé ojú yín ló kọ́kọ́ máa rí tó bá jí, kẹ́ ẹ sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ṣáájú kó lè rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀ oorun, ẹ pe orúkọ rẹ̀ tán: oorun ọsibítù.